Láti Adó-Èkìtì dé Sydney: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Èkìtì kete! Mo kí gbogbo ilé o. Ìyá wa, ẹni ọdún 68, ń lọ wẹ ọmọ tuntun ní Sydney lóṣù kẹfà. Wọn ò wọ bàálù rí. Mo wá bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín Èkó àti ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí wá ń fọ́ mi. Ibì kan kọ 15,500, ibì kan kọ 9,600, ibì kan kọ 8,400. Gbogbo wọn sì ní wákàtí 17 àti nǹkan ni ìrìn-àjò náà. Ẹni tó fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní tiẹ̀ sọ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n á gbéra, Ọjọ́rú ni wọ́n á balẹ̀. Èwo ni ká mú? Ìgbà wo ló sì yẹ kí wọ́n kúrò n'Ádó?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Àbúrò, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. 15,500 jẹ́ kìlómítà, 9,600 jẹ́ máìlì ojú títì, 8,400 jẹ́ máìlì àwọn awakọ̀ òfuurufú àti ti ojú omi. Máìlì ojú títì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ti àwọn awakọ̀ òfuurufú jẹ́ 1.852. Ojú ewé tó bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìsọ irú ìwọ̀n tó jẹ́, ẹ pa á dé.

Wákàtí 17 yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó pín 15,500 sí 900, torí pé bíi kìlómítà 900 ni bàálù ńlá ń sá ní wákàtí kan, ó wá fi bí ìdajì wákàtí lé e fún gígòkè àti bíbalẹ̀. Ìṣirò yẹn ò burú, ṣùgbọ́n bàálù tó ń gbéra l'Ékòó tó sì ń lọ tààrà sí Sydney kò sí. Ọ̀nà tó gùn jù tí bàálù èrò ń ná láìbalẹ̀ láyé ni èyí tó wà láàárín Singapore àti New York. Bíi 15,300 kìlómítà ni, ó sì ń gbà ju wákàtí 18 lọ. Bàálù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà jíjìn, Airbus A350-900ULR, ni wọ́n fi ń ná an. Nítorí náà, àlá ni 17 yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò jíjìn ibi méjì, kó ṣí kàkúlétọ̀ orí fóònù, kó yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kí bọ́tìnì sin àti cos lè jáde. Kó rí i pé DEG (ìyẹn dìgíríì) ló wà níbẹ̀, kì í ṣe RAD. Nọ́ńbà méjìméjì ni pápákọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan ní: àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó gba Greenwich kọjá. Èkó jẹ́ 6.58 àti 3.32. Sydney jẹ́ −33.95 àti 151.18.

Ẹ yọ 3.32 kúrò nínú 151.18, ó ku 147.86.
Ẹ fi sin 6.58 sọ sin −33.95 di púpọ̀, ó jẹ́ −0.0640.
Ẹ fi cos 6.58 sọ cos −33.95 di púpọ̀, kẹ́ ẹ tún fi cos 147.86 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ −0.6978.
Ẹ ro méjèèjì pọ̀: −0.7618.
Ẹ tẹ cos⁻¹ sí i: 139.62.
Ẹ fi 111.19 sọ ọ́ di púpọ̀: 15,524 kìlómítà.

111.19 yẹn ni iye kìlómítà tó wà nínú dìgíríì kan, bí a bá pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360.

Káfíńtà Ìjerò:
Ẹ ṣeun tíṣà. Èmi ṣe é, mo rí 14,379. Ṣé fóònù mi ni?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ti gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 33.95. Gúúsù ni Sydney wà, àríwá ni Èkó wà. Bí ẹ bá yọ àmì yẹn kúrò, ẹ ti gbé Sydney lọ sí àríwá, sínú òkun tó wà nítòsí Jàpáánù, ẹ sì ti pàdánù ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ kíláàsì máa ń ṣe jù nìyẹn.

Ọ̀nà wà láti dán kàkúlétọ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ ṣírò láti Èkó sí London Heathrow: 51.47 àti −0.45. Bó bá dé cos⁻¹, dìgíríì 45 géérégé ló gbọ́dọ̀ jáde, ìyẹn bíi 5,000 kìlómítà. Bí 45 ò bá jáde, ẹ wo DEG yẹn dáadáa.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Mo rí 45 o! Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ kí ló dé tí mo fi rúlà wọn máàpù ara ògiri tí kò bá tiyín mu?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Bébà pẹrẹsẹ, ayé rogodo. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kan, ẹ fi báírò ya Èkó àti Sydney sí i lára, kẹ́ ẹ wá na òwú láàárín wọn kó le dáadáa. Ẹ ó rí i pé òwú náà á rọ̀ sápá ìsàlẹ̀. Ọ̀nà òwú yẹn ló kúrú jù, lórí máàpù ògiri ó máa dà bíi pé ó wọ́.

Atatíkẹ́ẹ̀tì Fájúyì:
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wàyí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni Dubai tàbí Doha. Ẹ jẹ́ ká fi Dubai ṣe é: Èkó sí Dubai jẹ́ bíi 5,900 kìlómítà, wákàtí 7 àti ààbọ̀. Dubai sí Sydney jẹ́ bíi 12,040, wákàtí 14. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 17,940, ó fi nǹkan bíi 2,400 ju ọ̀nà òwú tíṣà lọ. Wákàtí 21 àti ààbọ̀ lẹ ó fi wà lófuurufú. Ẹ wá ro iye wákàtí tí wọ́n á fi dúró ní Dubai mọ́ ọn.

Ìdúró yẹn gan-an ló ń ba tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ tàbí tó ń tún un ṣe. Fún ẹni ọdún 68 tí kò wọ bàálù rí, ẹ má ra èyí tó ní wákàtí kan àti ààbọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bàálù Èkó lè pẹ́ ìṣẹ́jú 40 kó tó gbéra, wọ́n á tún yẹ ẹrù ọwọ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí wọ́n á ti wọ èkejì sì lè jẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré ni wọ́n á fi débẹ̀. Wákàtí 3 sí 5 ló dáa. Bó bá ti kọjá 8, ẹsẹ̀ á ti wú.

Ẹ tún wo bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni tàbí méjì tí wọ́n dì pọ̀. Bí nọ́ńbà ìwé bá jẹ́ ọ̀kan, ẹrù á lọ tààrà dé Sydney, bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, iṣẹ́ wọn ni láti gbé ìyá sí òmíràn. Bó bá jẹ́ méjì, ìyá ni á gba ẹrù fúnra wọn ní Dubai, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé wọ́n á wọ ìlú onílùú. Láìsí físà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá wọn dúró. Àwọn ojú ewé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ́ fẹ́ràn irú ìdìpọ̀ yìí gan-an.

Ẹnjiníà Ìkọ̀lé:
Mo fẹ́ fi kún tíṣà. Ẹ ṣírò Èkó sí Johannesburg (−26.14 àti 28.25), kẹ́ ẹ tún ṣírò Johannesburg sí Sydney. Ẹ ó rí bíi 4,520 àti 11,020. Ẹ rò ó pọ̀: 15,540 àti díẹ̀. Kò ju ogún kìlómítà àti díẹ̀ tó fi ju ọ̀nà òwú lọ! Johannesburg fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí òwú náà ni. Qantas, ilé iṣẹ́ bàálù Ọsirélíà, ń fò láti ibẹ̀ lọ sí Sydney. Láàárín ọ̀nà, bó bá tẹ̀ lé òwú, ó máa lọ sísàlẹ̀ tó dìgíríì 50 gúúsù, lórí òkun tútù, kó tó wá fà sókè.

Ibẹ̀ lẹ ó ti rí iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Lókè tí bàálù ńlá ń fò, kìlómítà 10 sí 12, afẹ́fẹ́ kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó máa ń ti bàálù tó ń lọ, ó sì máa ń dènà èyí tó ń bọ̀. Johannesburg sí Sydney, bíi wákàtí 12. Sydney padà sí Johannesburg, bíi 14. Kìlómítà kan náà o. Nítorí náà ẹni tó bá fi iye wákàtí àlọ ṣètò àbọ̀, ó ti ṣi í ṣe.

Atatíkẹ́ẹ̀tì Fájúyì:
Ọ̀rọ̀ yín dáa, Ẹnjiníà, àmọ́ kìlómítà kọ́ là ń rà. Bàálù tó gba Johannesburg lọ sí Sydney kò pọ̀ tó ti Dubai àti Doha, ọ̀pọ̀ ìgbà tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì máa já sí. Ìyá á nílò físà South Africa láti gba ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀, kó rí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ físà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù kó tó sanwó. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ yẹn kí káàdì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹnjiníà Ìkọ̀lé:
Mo gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n yin ọ̀nà tó tọ́.

Ohun kan tún kù tí kàkúlétọ̀ ò lè sọ. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ti òfuurufú rẹ̀, ìrìn-àjò á gùn lójijì. Lóṣù kẹjọ 2023 tí Niger ti tirẹ̀, bàálù tó ń bọ̀ l'Ékòó láti Yúróòpù ní láti yà bàrá. Lóṣù kẹfà 2025, Qatar, níbi tí Doha wà, ti òfuurufú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, èrò tó há sọ́nà ò kéré. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá máa gbéra, ẹ wo ipò bàálù náà lórí ojú ewé ilé iṣẹ́ wọn kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ará Sydney:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn: Sydney méjì ló wà. Èkejì wà ní Nova Scotia, ní Kánádà, àwọn kan sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ rí ní àṣìṣe. Lẹ́tà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò: ti Ọsirélíà ni SYD, ti Kánádà ni YQY. Èkó jẹ́ LOS, Àkúrẹ́ jẹ́ AKR.

Ọ̀rọ̀ aago ló kù tẹ́nikẹ́ni ò tíì tú. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Àwa níbí ń yí i. Láti Sunday àkọ́kọ́ oṣù kẹrin dé Sunday àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, wákàtí 9 la fi ṣíwájú yín. Ìyókù ọdún, wákàtí 10. Dubai fi 3 ṣíwájú yín látọdún dé ọdún. Aago tó bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà nígbà yẹn ni. Ẹ wo bó ṣe ń lọ lóṣù kẹfà, ká sọ pé wọ́n gbéra l'Ékòó ní 6:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé:

Wákàtí 7 àti ààbọ̀ kọjá, aago méjì òru ni l'Ádó, aago márùn-ún ìdájí Ìṣẹ́gun ni ní Dubai. Wọ́n dúró wákàtí 5. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Dubai ni wọ́n gbéra, aago méje àárọ̀ l'Ádó. Wákàtí 14 tún kọjá: aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ìṣẹ́gun l'Ádó, aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú ní Sydney.

Wákàtí 26 àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. "Ajé sí Ọjọ́rú" tí atatíkẹ́ẹ̀tì sọ tọ̀nà, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ méjì. Wákàtí 9 nínú rẹ̀, aago ló gbà á lọ́wọ́ wọn, á sì dá a padà nígbà àbọ̀.

Pápákọ̀ òfuurufú Sydney kì í sábà gba bàálù láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, òfin wà fún un kí àwọn ará àdúgbò lè sùn. Bàálù tó bá yára dé, ó lè máa pòòyì lókè títí aago mẹ́fà á fi lù. Gbogbo èyí tó bá sì dúró de mẹ́fà náà á jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà á gùn.

Oúnjẹ ńkọ́? Gbogbo ohun jíjẹ tó bá wà nínú ẹrù ni kí wọ́n sọ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n á fún wọn. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ohun tó burú jù ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá fi pamọ́, owó ìtanràn ni. Mo mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ni wá, àmọ́ iṣu tútù ò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹran gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. Iyán ibẹ̀, wọ́n á fi ìyẹ̀fun rọ́gbọ́n sí i.

Káfíńtà Ìjerò:
Iyán ìyẹ̀fun! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Awakọ̀ Adó–Èkó:
Ẹ̀yin tó ń ka kìlómítà òkè, ilẹ̀ náà ń bẹ. Adó sí Ìkẹjà lé ní 300 kìlómítà. Àwa ń gba Ìgèdè, Àrámọkọ, Ìtawúrẹ́, Ìwárajà bọ́ sí Iléṣà, ká tó wá gba Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tó bá dáa, wákàtí 6. Ẹ fi 8 sọ́kàn. Kí táyà jò lẹ́ẹ̀kan, kí tírélà kan ṣubú láàárín Ìbàdàn sí Ṣàgámù, 10 ni. Àti Berger dé pápákọ̀ òfuurufú, ibi tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ní Sunday àárọ̀, lè gba wákàtí méjì ní ọjọ́ Ajé ọ̀sán.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àgọ́ Rìdíímù máa ń kún, ọ̀nà márosẹ̀ á dí mọ́jú Sátidé. Bàálù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ má ṣe gbéra l'Ádó lọ́jọ́ Ajé náà. Ẹ lọ ní Sunday, ẹ sùn ní Ìkẹjà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Bá a bá gba Àkúrẹ́, ká wọ bàálù dé Èkó ńkọ́?

Atatíkẹ́ẹ̀tì Fájúyì:
Ó dáa fún ìyá, wọn ò ní jókòó sínú mọ́tò wákàtí mẹ́jọ. Kò pé wákàtí kan lófuurufú. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni. Bó bá pẹ́, bàálù ńlá ò ní dúró dè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa dá owó padà. Kí wọ́n lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé pé ibi tí bàálù abẹ́lé ń balẹ̀ ní Ìkẹjà yàtọ̀ sí ibi tí ti òkè òkun ti ń gbéra. Mọ́tò lẹ ó fi gbé ẹrù láàárín wọn. Kílò tí bàálù abẹ́lé ń gbà tún kéré, ẹ lè sanwó lé ẹrù tí ti òkè òkun gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Ìkẹjà, kí wọ́n dé wákàtí 4 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ti ibi ìgbẹrù ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tó bá fẹ́ gbéra.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n kọ WCHR sí i. Ìyẹn ni pé ìyá lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n fi tì wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ jù kó ku wákàtí 48. Kì í ṣe torí ẹsẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ mọ ọ̀nà, òun ni á gbé wọn dé ẹnu bàálù kejì ní Dubai, ìyá ò ní máa wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá kiri.

Wákàtí 14 lórí ìjókòó kan lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n dìde rìn ní wákàtí méjì méjì, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n mu omi dáadáa. Ẹ yan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wọn, kì í ṣe ti ojú fèrèsé. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ wà, kẹ́ ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ wọ́n.

Oògùn: inú báàgì ọwọ́, nínú páálí tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí wọ́n bá ń gba insulin, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù, òtútù lè bà á jẹ́. Ẹ wọ aago ọwọ́ kan sí wọn lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò ní yí padà. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní aago méje àárọ̀, aago yẹn á lu méje gẹ́lẹ́ bí bàálù kejì ṣe ń gbéra ní Dubai, ẹ sì ní kí wọ́n lò ó. Méje tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ní Sydney. Bí wọ́n ṣe máa yí i padà sí àárọ̀ ibẹ̀, kí dókítà wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ọ́ jọ. Sunday aago mẹ́fà àárọ̀ la ó kúrò n'Ádó. Ọjọ́ Ajé 2:30 ọ̀sán la ó wà ní pápákọ̀ òfuurufú, 6:30 ni bàálù. Ọjọ́rú aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n á balẹ̀. Wákàtí 72 géérégé láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ̀gbọ́n mi á wà ní pápákọ̀ Sydney ní aago mẹ́fà.

Ará Sydney:
63 ni, kì í ṣe 72. O ti ka aago Sydney mọ́ aago Adó, yọ 9 kúrò. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ní aago mẹ́fà. Ìwé ìrìnnà, ẹrù, àti àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, wákàtí kan àti ààbọ̀ kò pọ̀ jù. Kó dé ní 7:30, kó mú kóòtù dání. Oṣù kẹfà, òtútù ni níbí.